Ojú Ni Kí Á Fi Mú Ẹyẹ Odò

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà Ọ̀ṣun tí ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí ọ̀sà. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa, ẹlẹ́yẹ. Ìbà àwọn Olúwo tí ó ti lọ àti àwọn tí ó jókòó níwájú wa lónìí. Kí ìbà wa ó ṣẹ.



 

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ odò ni mo fẹ́ bá yín sọ: bí a ṣe ń wò wọ́n, àti bí a ṣe ń ya àwòrán wọn. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ibi ọdún Ifá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pá òsùn tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàbá wa: ẹyẹ ni ó bà lé orí rẹ̀. Ẹ wo adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba wa: ẹyẹ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àwọn akéwì Ifá bí wọ́n bá ń kéwì: gúnnugún ń bẹ níbẹ̀, àkàlà ń bẹ níbẹ̀, odídẹrẹ́, agbe, àlùkò, lékeléke, òwìwí, ẹ̀gà, gbogbo wọn ń bẹ níbẹ̀. Nínú ẹsẹ Ifá, ẹyẹ a máa lọ dá Ifá, a máa rúbọ, a sì máa kọ etí ikún sí ẹbọ nígbà mìíràn. Ìwà wọn ni àwọn baba wa wò, tí wọ́n fi kọ́ wa ní ìwà tiwa.

Àwọn baba wa kò gbọ́ nípa àwọn ẹyẹ wọ̀nyí lásán. Wọ́n rí wọn. Lónìí, púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ Awo lè ki ẹsẹ tí ó dárúkọ agbe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsinmi. Ṣùgbọ́n bí agbe bá bà sórí igi níwájú wa, a ó bi ara wa léèrè pé ẹyẹ wo nìyẹn. Orúkọ ń bẹ lẹ́nu, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ ti kúrò lójú. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: ojú ni kí á fi mú ẹyẹ odò, kí á má fi tàkúté, ìbọn tàbí májèlé mú un mọ́. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹsẹ Ifá wa yóò máa dárúkọ àwọn tí kò sí láyé mọ́.

Ilẹ̀ wa kò ṣàìní omi. Ọ̀ṣun ti ilẹ̀ Èkìtì ṣàn wá, ó gba Òṣogbo kọjá, ó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì já sí ọ̀sà Lẹ́kkí ní tòsí Ẹ̀pẹ́. Odò Omo ń ṣàn nínú igbó ọba tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, òun náà sì ń lọ sí ọ̀sà kan náà. Ní 1925 ni ìjọba ya igbó Omo sọ́tọ̀. Ní 1977 ni UNESCO fi í sára àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ẹni tí ó bá gba J4 kọjá mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlagi kò sinmi níbẹ̀. Síbẹ̀, erin ṣì wà nínú igbó náà, ẹyẹ sì pọ̀ létí omi rẹ̀. Nísàlẹ̀, ní Ìwòpin àti àwọn abúlé apẹja Ògùn Waterside, ẹyẹ omi àti ọmọ ènìyàn jọ ń wá oúnjẹ nínú omi kan náà ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹyẹ odò, kí ó jí kí oòrùn tó là. Láti ìdájí títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ẹyẹ ń jẹun jù, ìmọ́lẹ̀ ìgbà náà sì tutù. Kí ó wọ aṣọ tí ó jọ ewé tàbí erùpẹ̀. Aṣọ funfun wa dára fún ìsìn, ṣùgbọ́n ẹyẹ yóò ti òkèèrè rí i. Kí ó wá ibi kan jókòó sí, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì dákẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará odò yóò gbàgbé pé àlejò ń bẹ, wọn yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Àwọn ọdẹ wa mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Awo náà mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kò lè kọ́ Ifá.

Ẹyẹ kan wà tí kò ṣọ̀wọ́n lórí omi wa. Dúdú àti funfun ni ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì mú ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Ẹja ni ó ń pa jẹ. Yóò dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, yóò máa ju apá láìlọ síwájú, láìlọ sẹ́yìn, yóò dojú kọ omi, lójijì yóò já wọ inú rẹ̀ bí òkúta. Ẹ wo àyà rẹ̀ dáadáa. Ọ̀já dúdú méjì ni akọ ní. Ẹyọ kan ni abo ní, ó sì sábà máa ń já láàárín. Kò yẹ kí àmì yìí ṣòro fún ẹni tí ó ti ń tẹ ẹyọ kan àti méjì sínú ìyẹ̀rosùn láti kékeré. Bí a bá ṣi ojú odù kà, ẹsẹ tí kì í ṣe ti ẹni tí ó wá dá Ifá ni a ó kì fún un. Bí a bá ṣi àyà ẹyẹ kà, akọ ni a ó pè ní abo. Ìwòye kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ń béèrè.

Níbi tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, tí òṣíbàtà tẹ́ lé e, ẹ ó rí ẹyẹ mìíràn tí ara rẹ̀ pọ́n bí obì pupa, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn lọ́nà àrà. Orí ewé òṣíbàtà ni ó ń rìn bí ẹni ń rìn lórí ẹní, ewé náà kì í sì í rì. Nínú ìdílé ẹyẹ yìí, akọ ni ó ń sàba lé ẹyin, akọ náà ni ó ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, yóò kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, yóò sì gbé wọn sá lọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àwa ọkùnrin, kò sì dìgbà tí a bá ṣí ìwé kí á tó rí i kà.

Àlejò náà ń bẹ láàárín wọn. Nígbà tí òtútù bá mú ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ẹyẹ máa ń fò kọjá aṣálẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, wọn a sì padà nígbà tí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Irú alápàáńdẹ̀dẹ̀ kan wà lára wọn. Ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, iye alápàáńdẹ̀dẹ̀ tí ó ń péjọ sùn pa pọ̀ ti tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ rí. Ẹyẹ tí a bá pa létí odò wa lè jẹ́ ẹyẹ tí ọmọdé kan ní Jámánì ń retí lábẹ́ òrùlé ilé wọn.

Ohun tí a bá rí, kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Láti 2015 ni iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis tí ó wà ní Jos. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 9 níbùú àti lóròó. Olùyọ̀ǹda-ara yóò lo ó kéré tán wákàtí 2 nínú ọ̀kan, yóò máa fi áàpù BirdLasser kọ irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sínú fóònù rẹ̀ bí ó ṣe ń rí i tàbí bí ó ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Irú ẹyẹ tí a ti rí ní Nàìjíríà lé ní 900. Ọ̀kan nínú wọn wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹbí ẹ̀gà ni, dúdú ni, pupa sì wà ní orí àti àyà rẹ̀. Ní 1958 ni Elgood, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, kọ̀wé nípa rẹ̀, tí a sì sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis, kí orúkọ Ìbàdàn lè wà lára rẹ̀. A ṣì ń rí i nínú igbó tí IITA dáàbò bò ní Ìbàdàn. Ẹ rò ó wò: ẹyẹ tí ó jẹ́ tiwa nìkan, àjèjì ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé.

Nípa kámẹ́rà, ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni kò fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. John James Audubon, tí òkìkí àwòrán ẹyẹ Amẹ́ríkà tí ó yà kàn káàkiri, a máa yìnbọn pa ẹyẹ kí ó tó jókòó yà á. Ní 1892, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard àti Cherry Kearton, fi kámẹ́rà ya ìtẹ́ ẹyẹ tòun ti ẹyin inú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi awọ màlúù ṣe màlúù oníhò, wọ́n sì ń wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kí ẹyẹ má bàa fura. Ọgbọ́n ọdẹ pátápátá ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ bá parí, ẹyẹ a fò lọ, àwòrán a kù sí wọn lọ́wọ́.

Kò pọn dandan kí á ra kámẹ́rà olówó gọbọi. Fóònù lè ya ẹyẹ tí ó bà nítòsí, ó sì lè gba ohùn ẹyẹ tí a kò rí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kámẹ́rà tí ó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ tòsí, bí ẹyẹ bá ń fò, kí ó jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí kí ó sì pa láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ àti ojú ẹyẹ wà ní ọgbọọgba. Kí ojú ẹyẹ náà sì jẹ́ ohun tí ó hàn kedere jù nínú àwòrán.

Iṣẹ́ yìí ní èèwọ̀ tirẹ̀. A kì í ṣẹ́ ẹ̀ka tí ó bo ìtẹ́ ẹyẹ nítorí àwòrán. A kì í ju òkò kí ẹyẹ lè fò. A kì í fi ohùn ẹyẹ inú fóònù tan ẹyẹ ní àsìkò tí ó ń yé. A kì í gbé ibi tí ẹyẹ ọ̀wọ́n ń sùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí apẹyẹ náà ń ka íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin àlejò wa, mo fi èyí kún un: a kì í ya ojúbọ etídò, a kì í sì í ya ẹni tí ó ń wẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ibẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ le sí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Bí a bá ń tọrọ ẹ̀mí gígùn, ọjọ́ ogbó igún ni a ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta nǹkan ètùtù lọ́jà: orí igún wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ta ni ó ń rà á? Àwa ni, tàbí ẹni tí ó ń fi orúkọ wa bojú. Igún tí ó ń bà sórí òrùlé àti ìdí odò-ẹran nígbà èwe àwọn òbí wa kò wọ́pọ̀ mọ́. Ní 2015, àjọ IUCN tí ń ka àwọn ẹ̀dá tí ó kù láyé fi í sí ìpele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Ní Guinea-Bissau, láti ìparí 2019 wọ 2020, igún tí májèlé pa lé ní 2,000. Wọ́n sì bá òmíràn nínú wọn láìlórí. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi orí igún ṣe oògùn ni a fura sí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Láti àwọn ọdún 1990 ni igún ti ń kú níbẹ̀ nítorí oògùn kan, diclofenac, tí a ń fún màlúù. Igún tí ó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, òun náà a kú. Òkú ẹran wá kún ìgboro, ajá ìgboro pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi sì pa ènìyàn púpọ̀. Ẹni tí ó pa igún pa agbálẹ̀ ìlú.

Àwọn kan nínú àwọn bàbá mi yóò wí pé ohun tí Ifá bá béèrè ni a gbọ́dọ̀ rú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbò ń bẹ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ohun ẹbọ bá wọ́n, a kì í dákẹ́. A máa ń padà bi Ifá bóyá yóò gba òmíràn dípò rẹ̀. Ta ni nínú wa tí ó ti bi Ifá léèrè nípa igún, tí Ifá sì kọ̀ jálẹ̀? Ewé pọ̀ ní ìkáwọ́ Ọ̀sanyìn. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980, ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè máa fi ewé àti egbò rọ́pò igún. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé àjọ nìkan ni yóò máa wá bá wa; ó yẹ kí á ti wà níwájú wọn, nítorí èèwọ̀ náà tiwa ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni odídẹrẹ́. A kò lè ṣe oyè láìsí ìkóódẹ. Ṣùgbọ́n ní Gánà, láàárín ọdún díẹ̀ lé ní ogún, odídẹrẹ́ dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú 100 tí ó wà tẹ́lẹ̀, èyí tí ó kù kò ju 10 lọ. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Odídẹrẹ́ a máa pààrọ̀ ìyẹ́. Ìkóódẹ a máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí ó já bọ́ lára ẹyẹ tí a ń tọ́jú kò dín ní iyì ju èyí tí a fà tu lára òkú lọ. Òwìwí pẹ̀lú: nítorí pé a ń bẹ̀rù àwọn ìyá wa ni a ṣe ń sọ ọ́ lókùúta, bẹ́ẹ̀ eku tí ń ba oko wa jẹ́ ni ó ń pa ṣúlẹ̀. Ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́yẹ, kò yẹ kí ó máa pa ẹyẹ.

Omi fúnra rẹ̀ ń ké. Ojú ni ẹyẹ tí ń pẹja láti òkè fi ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá rú, ebi ni. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí omi Ọ̀ṣun ti dọ́gbọ́n di omi ẹrẹ̀, nítorí àwọn tí ń wa wúrà láìgba àṣẹ ní apá Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà. Odò kan náà ni ó ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ń ya àwòrán ojú odò láti ibì kan náà ní oṣooṣù, tí a sì ń ka ẹyẹ tí ó wà níbẹ̀, ẹ̀rí ni a ń kó jọ. Bí a bá dé iwájú ìjọba, a kò ní sunkún nìkan. A ó tẹ́ àwòrán sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀ yín. Èkíní, kí ilé Awo kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹyẹ tirẹ̀: kí àwọn ọ̀dọ́ ya àwòrán, kí àwọn àgbà sọ orúkọ tí ẹyẹ náà ń jẹ́ ní èdè Ìjẹ̀bú, kí á sì kọ odù tí ó ti jẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí àgbà kan mú lọ sí ọ̀run, kò sí kámẹ́rà tí ó lè yà á. Èkejì, kí á ya apá kan odò wa sọ́tọ̀, kí ìbọn àti tàkúté má ṣe dé ibẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò ju hẹ́kítà 75 lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé èèwọ̀ ni láti ṣọdẹ, láti pẹja àti láti gé igi níbẹ̀, ó dúró títí tí UNESCO fi gbà á wọlé láàárín ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Èèwọ̀ ni ó ṣọ́ ọ kí òfin tó dé. Ẹ̀kẹta, láti ọdún yìí lọ, kí á má ra orí igún mọ́, kí á má ra òkú odídẹrẹ́ mọ́. Bí Ifá bá béèrè wọn, kí á mú ìbò, kí á béèrè ìrọ́pò.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí omi wa tòrò. Kí agbe má tán nínú igbó wa, kí àlùkò má ṣàìdáhùn, kí lékeléke máa rí ọ̀nà padà wá ní ọdọọdún. Kí a má ṣe kí Ifá fún àwọn ọmọ wa dé ibi orúkọ igún, kí wọ́n wá bi wá pé kí ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Kí a gbó bí igún, kí igún náà gbó pẹ̀lú wa.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.